Ọwọ́ Mùnírù, Ojú Ṣàíbù

Kí ojú Sẹ̀kínát tó rí nǹkan kan, imú rẹ̀ ti gbọ́.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń jó páànù ilé, Ìmẹ̀kọ dákẹ́ bí ìgbà tí gbogbo ìlú bá wà lóko, òun nìkan ló sì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tó ń gbálẹ̀. Òórùn kan já bọ́ láti òkè àjà, ó há a lọ́fun bí eegun ẹja. Kì í ṣe òórùn òkú eku. Obìnrin tó ti pẹ́ nílé ọkọ mọ òórùn òkú eku, ó mọ ti aláǹgbá, ó mọ ti adìẹ tó kú sábẹ́ àká. Èyí kọ́kọ́ ń ta sánsán díẹ̀ kó tó wá rùn, bí ẹni da oyin sójú egbò.

Ṣàíbù ọkọ rẹ̀, agbẹ́gilére tí gbogbo Ìmẹ̀kọ ń pè ní Ọ̀gá, ti jáde láti àárọ̀. Ó ní òun ń lọ wo igi ọ̀mọ̀ kan tó wó lójú ọ̀nà Ìlárá. Sẹ̀kínát so ìborùn mọ́mú, ó fa àkàbà ti ògiri, ó gun òkè àjà lọ.

Ìkòkò amọ̀ kan ló bá níbẹ̀, lẹ́yìn àwọn ère àtijọ́ tí kòkòrò ti jẹ. Eṣinṣin bò ó dúdú. Aṣọ tí wọ́n fi so ẹnu ìkòkò náà ni kò jẹ́ kó lè yíjú padà: aṣọ iṣẹ́ Mùnírù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ni, èyí aláwọ̀ aró tó ya lápá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà á wá. Ṣàíbù ló ní kó bá òun wá àkísà tó rọ̀, òun fẹ́ máa fi pa àdí sára igi, ó sì ní kò sí àkísà tó rọ̀ tó aṣọ ẹni tó ń làágùn sínú ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó tú aṣọ náà.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan ló wà nínú ìkòkò, ó ṣì ń mí. Wọ́n fi òwú dúdú so ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mọ́ ọwọ́ kan tí wọ́n fi igi gbẹ́, ọwọ́ ènìyàn, kékeré bí ẹ̀pà aláwẹ́ mẹ́ta. Ọwọ́ ọ̀pọ̀lọ́ náà ti wú, ó ti dúdú, ó ń jò. Ìdin ń ti ibẹ̀ rìn lọ sórí ọwọ́ igi, wọ́n ń rìn padà. Ọ̀pọ̀lọ́ náà la ojú méjèèjì sílẹ̀, ó ń wò ó.

Síbẹ̀, ìdin kọ́ ló mú kí èébì gun Sẹ̀kínát. Ọwọ́ igi náà ni. Ó rẹwà. Èékánná wà níbẹ̀, ìlà oríkèé wà níbẹ̀, títí dé àpá tó wà lẹ́yìn àtàǹpàkò Mùnírù, níbi tí àáké ti bù ú nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ilẹ̀ Yewa tó lè gbẹ́ irú ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti jókòó sójú ìmọ́lẹ̀, ó ti fi sùúrù dán an, bó ti ń dán ère tí wọ́n fi ń yin àwọn ìyá.

Ó so ẹnu ìkòkò padà bó ṣe wà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì bì títí tó fi jẹ́ pé omi òróòro nìkan ló ń jáde.

*

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Nígbà tí Ṣàíbù fẹ́ Sẹ̀kínát, ọmọdé ni Mùnírù; òun ló tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé ọkọ, Ṣàíbù ló sì fi àáké lé e lọ́wọ́. Ṣàíbù kò fi iṣẹ́ ṣeré. Ojú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ó bá gbẹ́ dà bí ojú ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún rò ó wò. Fún ọdún gbọọrọ, kò sí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan ní agbègbè náà tí wọn kì í wá bá a.

Ṣùgbọ́n Mùnírù kò gbádùn ère tó kàn ń woni. Lẹ́yìn tó gbòmìnira, ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe ló kù tó ń jókòó sí. Á ṣa sípóòkù kẹ̀kẹ́, á ṣa rọ́bà, á wo bí jíà ṣe ń yí. Àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó yá, ó gbé ère kan jáde lọ́jọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́: obìnrin méjì kojú síra wọn lórí ère náà, odó kan wà láàárín wọn. Bí ẹni tó gbé e ti fẹsẹ̀ kilẹ̀, tí ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ dún, obìnrin kan gbé ọmọ odó sókè, èkejì sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Bí ijó ti ń le ni wọ́n ń gún un. Kò sí okùn tí ẹnikẹ́ni ń fà, kò sí bátìrì. Àwọn ọ̀dọ́ sún sẹ́yìn. Àwọn ìyá àgbà kúnlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ń ti Kétu, lódìkejì ààlà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tí wọ́n ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá ẹnu wọn. Ẹnu ọ̀nà Ṣàíbù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì bi í pé ibo ni ilé Mùnírù wà.

Ṣàíbù á nawọ́ hàn wọ́n.

Ó lọ bá Mùnírù lẹ́ẹ̀kan pé kó ṣí inú ère náà kí òun wò ó. Mùnírù ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, ó ti kan ìṣó mọ́ ọn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó wà níbẹ̀, àní Sẹ̀kínát ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n jẹun díẹ̀ níbẹ̀ ná.” Sẹ̀kínát wà níbẹ̀. Ó rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, tó wá ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ṣáá bí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan ẹlẹ́gbin.

*

Ọwọ́ Mùnírù ti wú kí Sẹ̀kínát tó gun òkè àjà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀gún tó gún un níka, ó wá di gbogbo àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ayétòrò, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kó máa padà wá. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ láàárọ̀, yóò ti kún ní ìrọ̀lẹ́. Sẹ̀kínát ló ń bá a yí báńdééjì. Bó bá ti tú u, ohun tó lẹ̀ mọ́ aṣọ náà á fà bí ilá, á sì máa rùn dídùn dídùn. Òórùn kan náà ló wá gbọ́ nílé ara rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ṣàíbù ń wá kí Mùnírù dáadáa. Ó gbé ọsàn wá, ó gbé oyin wá pé oyin dára fún egbò. Ó jókòó ti ẹni tó ń ṣàìsàn, ó gbàdúrà gígùn, gbogbo ilé ń ṣe àmín. Lẹ́yìn àdúrà, ó na ọrùn díẹ̀, ó fa èémí símú lórí ọwọ́ náà bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Sẹ̀kínát nìkan ló rí i.

Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ lọ tán, ó sọ ohun tó rí lókè àjà fún àbúrò rẹ̀. Ó sọ ti aṣọ náà pẹ̀lú, ó ní òun ni òun gbé e fún un, òun kò mọ̀. Mùnírù kò bú u. Ó bi í bóyá ọwọ́ igi náà ní ìka márùn-ún pé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá ó jọ tòun. Sẹ̀kínát ní ó jọ ọwọ́ rẹ̀ ju bí ọwọ́ rẹ̀ gan-an ṣe rí báyìí lọ.

Eṣinṣin kan bà lé báńdééjì náà, Mùnírù kò lé e.

“Kí lo fẹ́ ṣe?” Sẹ̀kínát bi í.

“Ohun tí ó kọ́ mi ni,” Mùnírù ní. “Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ṣebí òun ló kọ́ mi.”

Ní ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà. Ère obìnrin méjì náà wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àpò ìdọ̀họ. Kò sọ ibi tó ń lọ.

*

Láti ara eṣinṣin ni ti Ṣàíbù ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣàíbù ń jẹun, eṣinṣin kan sì bà lé ìkángun ojú rẹ̀. Ó ṣẹ́jú, eṣinṣin náà kò fò. Ó fọwọ́ gbá a, ó padà síbẹ̀ gan-an, ó fi ẹnu kan omi ojú rẹ̀ bí ẹran tó dé etí odò. Ṣàíbù ju òkèlè sílẹ̀, ó wọ yàrá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ìpin ojú ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀; Sẹ̀kínát fi omi gbígbóná rẹ̀ ẹ́ kó tó lè là. Ohun tó jáde níbẹ̀ ki, ó yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹyin tó bàjẹ́.

Ó ṣì ń lọ sídìí iṣẹ́. Ère ìyá kan ló ń gbẹ́ lọ́wọ́, ó sì kù díẹ̀ kó parí. Sẹ̀kínát ń gbé omi kọjá nígbà tí ọ̀bẹ yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ tó gé imú ère náà sọnù. Ọkùnrin tí kò ṣi ọ̀bẹ sọ rí ń fọwọ́ wá imú ère kiri ilẹ̀, nínú èérún igi. Nígbà tó rí i, kò jù ú nù. Ó fi í sẹ́nu, ó ń lá a, ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ padà. Àánú rẹ̀ ṣe Sẹ̀kínát, ó sì tún kórìíra àánú náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó tún gbọ́ ọ tó gun òkè àjà. Àkàbà ń dún lábẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà lọ. Ó dúró lókè fún ìgbà díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn tí ènìyàn fi ń rẹ ọmọ.

*

Mùnírù ránṣẹ́ pe Sẹ̀kínát. Ibà ti dé sí i lára. Ìka méjì ti dúdú, ó sì ní wọ́n ti sọ ọ́ ní ọsibítù pé àwọn lè má rí wọn gbà là. Ó wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Ìlárá, Ọdẹkúnlé lorúkọ rẹ̀, ó mọ oògùn. Òun ló bá Mùnírù mú ojú Ọ̀gá. Ó ku ìdajì oògùn tí yóò ká Ọ̀gá lọ́wọ́ kò kí ọwọ́ Mùnírù tó lè san, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní obìnrin tó ń se oúnjẹ Ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ wá gbà á.

Sẹ̀kínát ní òun kò lọ. Mùnírù kò bá a jiyàn. Ó kàn tú báńdééjì, ó sì gbé ọwọ́ náà lé e lórí itan.

Ó lọ.

Ilé Ọdẹkúnlé mọ́ ju bó ti rò lọ. Wọ́n gbá àgbàlá rẹ̀, wọ́n gbin òdòdó sí iwájú rẹ̀. Àgbà ọkùnrin náà wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀, ó ní kó kú ìrìn, ó fún un lómi mu. Ó bi í bí ọ̀nà ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ó ní kó tẹ̀lé òun.

Òórùn náà ló kọ́kọ́ jáde pàdé rẹ̀.

Yàrá gígùn kan ni, ihò kékeré kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti òkè. Ó kọ́kọ́ rò pé òkú ni wọ́n tò síbẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àdìrẹ kan wà níbẹ̀ tí irú ọnà ara rẹ̀ kò sí lọ́jà kankan, ẹja inú rẹ̀ ń yíra padà bí èèyàn bá ti ń rìn kọjá. Àdògán amọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ní ihò kéékèèké yíká. Ọdẹkúnlé ní obìnrin kan ní Jọ́gà-Orílé ló mọ ọ́n, igi díẹ̀ ló ń jẹ, kì í sì í rú èéfín. Ẹ̀rọ kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, irin ọ̀kadà ni wọ́n fi ṣe é. Pàkúté, àga tó ń ká, ìlẹ̀kẹ̀, àwo. Gbogbo ohun tí orí pípé lè rò. Wọ́n ti da epo àti ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo wọn, ó ti dì, ìyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìdin ń rìn nínú ọnà àdìrẹ bí ẹni ń ka ìwé. Ẹnikẹ́ni kò dáná nínú àdògán náà rí.

“Àwọn tó ṣe wọ́n dà?” Sẹ̀kínát bi í.

“Wọ́n ti lọ. Àwọn tó ní kí wọ́n lọ náà ti lọ. Mi ò gba owó o. Ohun tó dára jù lọ́wọ́ ẹni ni mò ń gbà.”

Ó rí ère àbúrò rẹ̀. Obìnrin méjèèjì kojú síra, ọmọ odó wọn wà lókè, ẹ̀jẹ̀ ti lẹ̀ wọ́n lápá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni ère ìyá ọlọ́mọ kan tí ó mọ̀ dáadáa. Ṣàíbù ti sọ fún un pé àwọn ará Kútọnù ti rà á. Wọ́n fi òwú dúdú kan náà so ọrùn àwọn ère náà pọ̀.

Ó dì mọ́ ògiri, ògiri náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ọkọ mi wá síbí?”

“Òun ló kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ wá. Oníṣòwò kì í lé oníbàárà.” Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí olùkọ́ tó ń ṣàlàyé fọ́mọ. “Bí mo bá ta ata, ṣé èmi ni mo ní kí ìyá fi sójú ọmọ?”

Ó mú nǹkan kan tí wọ́n fi ewé pọ́n, ó nà án sí i. Sẹ̀kínát kò gbà á. Ọdẹkúnlé sì sọ fún un pé kò sí tipátipá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti pọ́n gbọ́dọ̀ wọ ilé kan. Bí kò bá gbé e lọ sílé ọkọ rẹ̀, yóò dá rìn lọ sílé àbúrò rẹ̀.

Ó gbà á. Lórí ọ̀kadà, ó gbé e lé itan, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti inú aṣọ dé ara rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà Ìlárá dé Ìmẹ̀kọ, nǹkan náà ń mí.

*

Kò gbé e wọlé ọkọ. Ọ̀dọ̀ Mùnírù ló gbé e lọ, ó sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà fún un. Nígbà tó dé ibi òwú dúdú, Mùnírù kọjú sógiri.

“Mo gbé ère mi fún un,” ó ní. “Mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún un. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sun ohun tẹ́ ẹ gbé wá yìí. N kò fẹ́ mọ́.”

Sẹ̀kínát gbé e padà, ó fi í sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó gun òkè àjà, ó gbé ìkòkò náà sọ̀ kalẹ̀ sójú àgbàlá, nínú oòrùn, níwájú ọkọ rẹ̀ tó jókòó tó ń fi omi nu ojú. Ó sọ fún un pé Ọdẹkúnlé kan náà ló ń ṣe oògùn fún un àti fún Mùnírù. Ó sọ fún un pé òun ti rí ère ìyá ọlọ́mọ náà, bí ìdin ṣe kún ojú rẹ̀. Ó dúró kó gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Ṣàíbù gbé ojú rẹ̀ tó ń jò sókè. “Èwo ló le jù,” ó bi í, “tèmi ni tàbí tirẹ̀?”

Sẹ̀kínát mú ọ̀bẹ ìdáná, ó gé òwú tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọ́ náà. Ọ̀pọ̀lọ́ náà fò lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lára igi, ó wọ́ wọ inú koríko. Sẹ̀kínát kó ọwọ́ igi, aṣọ àti ìkòkò, ó kó wọn lé iná lẹ́yìnkùlé, ó sì ju ewé tí ó ti Ìlárá gbé wá lé wọn lórí.

Ewé náà sunkún bí ọmọ ọwọ́ nínú iná. Èéfín rẹ̀ kò lọ sókè. Ó rọ̀ wálẹ̀, ó sún díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹran tó ń gbóòórùn, ó wọ ojú fèrèsé yàrá tí Ṣàíbù ti lọ dùbúlẹ̀. Sẹ̀kínát sáré, ó ti fèrèsé náà. Ó ti wọlé tán.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ṣàíbù bi í ìdí tí kò tíì ṣí fèrèsé. Ó ti ṣí i. Oòrùn wà lójú rẹ̀, ojú náà sì funfun bí ẹyin bíbó.

Ní Ayétòrò, wọ́n gé ìka méjì kúrò lọ́wọ́ Mùnírù. Láti ọjọ́ náà ni egbò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

*

Sẹ̀kínát sọ ọ́ fún gbogbo ìlú. Àwọn ọkùnrin kó ara wọn jọ, wọ́n gbéra lọ sí Ìlárá lójú ọ̀sán, ọmọ obìnrin Jọ́gà-Orílé tó mọ àdògán wà láàárín wọn. Òdòdó ṣì wà níwájú ilé náà. Wọ́n ti gbá yàrá gígùn náà mọ́, kò sí ẹ̀ka igi kan níbẹ̀. Òórùn nìkan ló ṣẹ́kù, ó sì tẹ̀lé wọn nínú aṣọ délé. Àwọn kan ní Ọdẹkúnlé ti sọdá ààlà. Ìgbà tó yá, wọ́n gbọ́ pé àgbà kan tó máa ń wọ aṣọ funfun ti gba ilé lọ́nà Pọ́bẹ̀, pé ó ń bọ̀wọ̀ fún àlejò, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń lọ kí i.

Sẹ̀kínát kò fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ju ewé náà síná, òun ló sì mọ ibi tí èéfín gbà. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń nu ojú rẹ̀ tí kò yé jò. Àṣìkẹ́ ọmọ wọn, tó ti relé ọkọ, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun gbé. Ó ní òun ṣì ń retí kí baba rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dà bí ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tún dé. Mùnírù ti fi ìka mẹ́ta àti ọwọ́ òsì gbẹ́ ère tuntun, obìnrin méjì àti odó bíi ti àkọ́kọ́, kò sì bo inú rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n jó o, lẹ́yìn ijó ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì láàárín ọjà. Àwọn agbẹ́gilére tó ti Kétu àti Jọ́gà-Orílé wá pé yí i ká. Òkúta kan ló so rọ̀ nínú awọ. Bí oníjó bá fẹsẹ̀ kilẹ̀, òkúta á fì, á fa sípóòkù lọ, á fà á bọ̀. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Mùnírù ń fi ìka tó kù hàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ẹ wò ó dáadáa. Bẹ́ ẹ bá délé, kí tiyín ju tèmi lọ.” Àwọn kan ti ń fi fóònù yà á, ọ̀kan ti ń sọ pé bí òkúta náà bá jẹ́ méjì, ère á lè máa ṣẹ́jú.

Sẹ̀kínát fa Ṣàíbù lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ṣàíbù ló ní kó mú òun lọ. Àwọn èèyàn yà fún un. Wọ́n ṣì ń pè é ní Ọ̀gá. Mùnírù sún sẹ́yìn. Afọ́jú náà na ọwọ́, ó kan obìnrin méjèèjì, ó tọ sípóòkù lọ, ó dé ìdí rẹ̀. Ó fi ìka kan ti òkúta náà. Lórí ère, ọmọ odó kan lọ sókè.

“Òkúta,” ó ní. “Òkúta lásán.”

Ojú rẹ̀ rọ̀. Sẹ̀kínát kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó súnmọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣàíbù tẹ̀ sí i létí kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

“Ìka mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Mẹ́ta,” Sẹ̀kínát ní.

Ṣàíbù rò ó wò.

“Ó ṣì pọ̀,” ó ní.

Sẹ̀kínát yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀. Ó pe Àṣìkẹ́ tó wá wòran, ó ní kó mú baba rẹ̀ lọ sílé. Òun dúró sínú ọjà títí gbogbo ènìyàn fi túká, kò sì gba ọ̀nà ilé náà mọ́.